Bí Mo Ṣe Dẹ Èémí Ilẹ̀ Dé Kòtò Adọ̀bálẹ̀kú

Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín kó tẹ́ yín lọ́rùn kí n tó la ẹnu, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe èyí tí à ń fi eyín gbọ́. Ṣebí ojú gbogbo yín ló ṣe láàfin lónìí? Kábíyèsí tuntun jókòó, gbogbo ọkùnrin Àyétì ń lọ kí i lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó wá kan èmi Ọdẹ́jìnmí, olórí ọdẹ ìlú yìí, mo sì kúnlẹ̀ lórí eékún mi méjèèjì bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. Mo gbọ́ ẹ̀rín yín. Mo gbọ́ ẹni tó ní, "Bàbá ọdẹ ti di ìyá ọdẹ." Kò burú. Èmi tí mo fi ọwọ́ òsì fún ẹkùn lọ́rùn, tí mo ń fi ọwọ́ ọ̀tún jẹ iṣu mi lọ! Èmi tí ẹfọ̀n rí, tó tọrọ gáfárà kó tó kọjá! Bí ẹ bá rí irú mi tó kúnlẹ̀, ẹ bi í léèrè ohun tó rí. Ẹ sún mọ́bí kí ilẹ̀ tó ṣú, kí n sọ ọ́ fún yín.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ bá iná mànàmáná nílé, ẹ rò pé bẹ́ẹ̀ ni ayé ṣe wà látilẹ̀. Nígbà tiwa, bí oòrùn bá ti wọ̀, Àyétì di inú ìkòkò tí a fi ọmọrí dé. Ìbídùnní ló kọ́kọ́ wí pé kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ìyá Aláró ni, ọmọ bíbí ìlú yìí, tó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ nípa inú ilẹ̀ níbi tó jìnnà, tó sì padà wálé. Ó wá bá mi nílé, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Bàbá, iná wà lábẹ́ ilẹ̀ wa. Omi tó ń jáde lọ́wọ́ọ́wọ́ lẹ́sẹ̀ òkè inú Igbó Ìdákẹ́ yẹn, iná ìsàlẹ̀ ló ń sè é. Bí a bá rí ibi tí àpáta ìsàlẹ̀ ti sán, ibẹ̀ ni ooru ń gbà gòkè. A ó gbẹ́ ihò síbẹ̀, ooru omi á tú jáde, á yí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á fún wa ní iná."

Mo ní, "Ilẹ̀ Igbó Ìdákẹ́ fẹ̀ o. Ṣé gbogbo rẹ̀ ni ẹ fẹ́ gbẹ́ bí òkété?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Rárá, Bàbá. Ilẹ̀ tó bá sán máa ń mí. Ọ̀pá irin oníhò la máa fi òòlù kàn wọlẹ̀, a ó fi ẹ̀rọ fa èémí tó wà nínú ilẹ̀ jáde, ẹ̀rọ á sọ irú èémí tó jẹ́ àti bó ṣe pọ̀ tó. Ibi tó bá ti pọ̀ jù, ẹnu ọ̀nà iná nìyẹn. Ẹni tó mọ igbó ni mò ń wá, tó máa sìn mí dé inú lọ́hùn-ún."

Mo ní, "Ẹran wo wá ni èmi máa pa níbẹ̀?"

Ó ní, "Èémí ni ẹran wa."

Ẹ gbọ́ nǹkan! Mo ti dẹ ẹtu, mo ti dẹ ìmàdò, mo ti dẹ ohun tí n kò lè dárúkọ níwájú aboyún, ṣùgbọ́n n kò dẹ èémí rí. Inú mi dùn dé góńgó. Ọdẹ tó bá ń pa ẹran kan náà lójoojúmọ́, alápatà ni.

Ṣùgbọ́n Ìyá Aláró kò rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ àṣà wa nílùú yìí: ẹni tó bá mú ọmọ ọlọ́mọ wọ Igbó Ìdákẹ́, ìyá ọmọ ni yóò so nǹkan mọ́ ọn lára, ìyá ọmọ náà ló sì gbọ́dọ̀ tú u. Obìnrin yìí jáde tòun tọwọ́ tí aró ti sọ di dúdú, ó mú ọ̀já tó fi pọ̀n Ìbídùnní nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, ó so ó mọ́ mi níbàdí, ó fún un títí tí mo fi húkọ́. Ó ní, "Ọdẹ́jìnmí, èyí nìkan ló kù fún mi láyé. Ọ̀já yìí ni mo fi pọ̀n ọ́n. Bí o bá gbé e padà láìsí ọmọ mi, ọrùn rẹ ni n ó so ó mọ́, ọwọ́ ara mi ni n ó sì fi fà á." Mo wo ojú rẹ̀. Kò ṣẹ̀fẹ̀. Mo ní, "Ìyá Aláró, bí n kò bá mú un dé, n kò ní dé." Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nìyẹn, òun sì ni mo gbé lọ sínú igbó, ó wúwo ju ìbọn mi lọ.

N kò ní fi ìrìn ọ̀nà yọ yín lẹ́nu. Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní fún ẹnì kan jẹ. Kí n sáà sọ pé a ń kan ọ̀pá wọlẹ̀, a ń fa èémí, Ìbídùnní ń wo ojú ẹ̀rọ, ó ń ri àsíá pupa kéékèèké síbi tí èémí bá ti pọ̀. Èmi náà ń ṣọ́ ilẹ̀ ní tèmi. Bí a ṣe ń wọ inú lọ ni àsíá ń pọ̀ sí i, tí wọ́n sì tò lẹ́yìn ara wọn bí ojú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni ẹyẹ ń dínkù, tí ewé ń pọ́n láìsí ọ̀gbẹlẹ̀. Ajá mi, Ẹjọ́-ò-tán, ló ń ṣíwájú. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ajá yẹn, ẹ mọ̀ pé kò sí irú rẹ̀ mọ́. Ó lè gbóòórùn irọ́ lẹ́nu àna ẹni.

Ìró òòlù ló fa wàhálà àkọ́kọ́. Ìbídùnní kan ọ̀pá mọ́lẹ̀ gbàgà, ilẹ̀ náà dáhùn. Ohùn kan ké láti abẹ́ gbòǹgbò igi ńlá kan, ó ní, "Ta ló ń kan òrùlé mi?"

Mo dá a lóhùn, "Ọdẹ́jìnmí ni! Bí òrùlé rẹ bá ń jò, yọjú síta kí n fi orí rẹ dí i!"

Kí n tó pa ẹnu dé, ohun kan fa gbòǹgbò ya, ó bọ́ síta. Ó ga ju ẹnu ọ̀nà ààfin lọ. Àwọ̀ rẹ̀ rí bí ìdí ìkòkò, kò ní ojú lórí rárá. Ojú kan ṣoṣo tó ní wà ní àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún, bó bá fẹ́ wò ọ́, á na ọwọ́ sí ọ bí ẹni tó ń tọrọ. Ó na ọwọ́ yẹn sí mi, ojú náà ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Ẹ̀jẹ̀-ò-tó-mí ni orúkọ mi. Àwọn ọkùnrin tó kọjá níbí kò kún mi lẹ́nu. Ìwọ gbẹ jù, obìnrin yìí ni n ó fi ṣe oúnjẹ, n ó fi ìwọ ta eyín."

Mo yìnbọn. Ọta wọ̀ ọ́ láyà, ihò tó ṣí sílẹ̀ gba ìkúùkù wọlé, ẹ̀jẹ̀ tú jáde, ó sì ń hó bí omi ẹ̀bà. Èyí tó ta sí mi lápá bó mi láwọ, àpá rẹ̀ rèé, ẹ wò ó. Ẹ̀dá yìí kò tilẹ̀ mira. Ó fi ọwọ́ òsì gbá mi, mo fò lọ lu igi, egungun ìhà mi kan ṣẹ́, mo gbọ́ ọ nígbà tó dún. Ó tún di ọwọ́ ọ̀tún ní ẹ̀ṣẹ́, ó jù ú. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ọdẹ ti jí nínú mi: ẹni tí ojú rẹ̀ wà ní àtẹ́lẹwọ́, bó bá ń wò, kò lè lù, bó bá ń lù, kò lè wò! Mo yẹ ẹ̀ṣẹ́ yẹn, ó wó igi. Mo ké sí i pé, "Ẹ̀gbẹ́ òsì ni mo wà, ọ̀lẹ!" Ó tún lù, ó tún wó igi. Nígbà tó ṣí ọwọ́ láti wá mi, Ìbídùnní ti wà níbẹ̀, ó gbé ọ̀pá irin sí àárín ojú náà, ó fi òòlù kàn án gbàgà, gbàgà, títí tí irin fi gba àtẹ́lẹwọ́ kọjá wọnú igi. Igbe tó ké mú ewé wọ́ sílẹ̀. Mo fa àdá yọ. Mo gé ọwọ́ yẹn ní ọrùn ọwọ́, mo gé orúnkún, nígbà tó wólẹ̀ mo gun ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì ń gé ọrùn rẹ̀ bí ẹni ń gé igi ìdáná títí orí fi já. Gbogbo ara mi rin fún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó ti wá lọ́wọ́ọ́wọ́. Mo ń pariwo, mo ń rẹ́rìn-ín. Kò sí irọ́ níbẹ̀, ó dùn mọ́ mi.

Orí tó ti já náà wá sọ̀rọ̀ nínú ewé. Ó ní, "Ọdẹ, o bọ́ lọ́wọ́ èmi òǹrorò. Ọ̀gá mi ń bẹ níwájú. Òun kì í lu ènìyàn. Ìwà pẹ̀lẹ́ ló fi ń pa wọ́n." Mo fi ẹsẹ̀ gbá a sínú igbó. Mo ní ẹni tó ń fi ìwà pẹ̀lẹ́ pani kò tíì pàdé aláìlójú-àánú bíi tèmi. Ìbídùnní kò rẹ́rìn-ín. Ó nu ọ̀pá rẹ̀, ó ní, "Bàbá, àwọn ọkùnrin tó ní wọ́n kọjá níbí, ibo ni wọ́n wà?"

Àsíá tó kù mú wa dé etí kòtò kan. Ó fẹ̀ tó ojú ọjà, ó jìn, ẹ̀fúùfù kò sì dé inú rẹ̀. Ẹjọ́-ò-tán rí nǹkan nísàlẹ̀, ó sáré wọ̀ ọ́. Mo fun fèrè, mo tún un fun. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Mo rí i tó yí bírí, ó na ẹsẹ̀, ó sì kú. Kò sí ọfà, kò sí ejò, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé ọdẹ kì í sunkún. Mo sunkún níbẹ̀, mo sì bínú wọ inú kòtò náà, mo ní n ó pa ohun tó pa ajá mi. Ìbídùnní tẹ̀ lé mi, ó jẹ́ kí okùn oníhò tí ẹ̀rọ rẹ̀ fi ń fa èémí máa wọ́ nílẹ̀ bó ṣe ń rìn.

Kò sí ọ̀tá níbẹ̀. Ọba ló wà níbẹ̀. Ó jókòó sórí àpáta gíga kan tó sán ní ìdí, ó dára, ojú rẹ̀ tutù bí ti bàbá tó bí ni, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ó ṣàn kúrò ní àyà rẹ̀ dé ilẹ̀, ó sì tẹ́ káàkiri ìsàlẹ̀ kòtò bí ìkùukùu tó dé orúnkún wa. Mo wá wo inú irùngbọ̀n náà. Egungun ni, ẹ̀yin ènìyàn! Egungun ọkùnrin ni wọ́n tò lọ rẹrẹ, gbogbo wọn dojú bolẹ̀, gbogbo wọn kọ orí sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, fìlà ṣì wà lórí òmíràn.

Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní, "Ẹ kú ìrìn, ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi ni Ọba Jókòó-Jẹ́jẹ́. Mo gbọ́ pé èémí mi lẹ ń wá. N kò ní fi dù yín. Ẹ dáhùn ìbéèrè kan, kí ẹ bu èyí tó wù yín. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, tiyín ni ẹ máa fi sílẹ̀."

Ìbídùnní ní, "Ẹ bèèrè, Kábíyèsí."

Ó ní, "Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ó fúyẹ́ ju omi lọ. Ó kún kòtò, kò tutù lẹ́sẹ̀. Ẹni tó nàró gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ẹni tó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ ló ń gbé mì. Kí ni?"

Ní àkókò yẹn gan-an ni ẹ̀rọ Ìbídùnní bẹ̀rẹ̀ sí ké. Ó wo ojú rẹ̀, ó wo ajá mi, ó wo egungun, àwọ̀ ojú rẹ̀ yí padà. Ṣùgbọ́n èmi, kí ni mò ń rò? Mò ń rò pé ọba ń bá wa sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí a ti dé, a kò tíì kí i! Ọba náà yí ojú sí mi, ó mi orí díẹ̀, ó ní, "Ọdẹ àgbà, ṣé wọn kò kọ́ ọ nílé ni?"

Ẹ gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi ju ọ̀kọ̀ lọ. Wọ́n kọ́ mi nílé! Bàbá mi fi pàṣán kọ́ mi! Ìbídùnní ti kúnlẹ̀ ní tirẹ̀, orí rẹ̀ yọ sókè irùngbọ̀n náà, ó ń ké pé, "Bàbá, ẹ má dọ̀bálẹ̀! Ilẹ̀ ni ikú náà wà! Ẹ má dọ̀bálẹ̀!" Èmi náà ti di ajá tí kò gbọ́ fèrè. Mo gbé ìbọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo na gbalaja, mo fi àyà àti iwájú orí kanlẹ̀, mo ní, "Kábíyèsí o!"

Ó ta mí nímú bí ìgbà tí a ṣí ìgò mínírà tó hó wọ imú ẹni. Mo mí, n kò rí nǹkan kan mí. Mo tún mí, àyà mi ń sáré bí ẹni tó ń sá fún ogun, bẹ́ẹ̀ mo dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́. Agbárí kan wà níwájú mi tí òun náà dojú bolẹ̀. Mo gbọ́ ohùn ọba tó ń sọ lókè pé, "Ọmọlúàbí ni ọ́. Máa sùn." Mo wá rántí Ìyá Aláró. Mo ní ọmọ rẹ̀ rèé nínú kòtò, èmi tó yẹ kí n mú un jáde rèé ní ilẹ̀. Ìbànújẹ́ yẹn ló ṣe mí ju ikú lọ. Lẹ́yìn náà, ojú mi ṣú.

Ohun tó tẹ̀ lé e, Ìbídùnní ló sọ díẹ̀ fún mi, mo fojú ara mi rí èyí tó kù. Ó ní òun sé èémí, òun bẹ̀rẹ̀, òun fà mí lápá jókòó ti òkúta kan. Mo wúwo fún un, orí mi tún ń tẹ̀ wọnú irùngbọ̀n náà, ó nàró mí, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó tú ọ̀já ìyá rẹ̀ ní ìbàdí mi, àfi orí kan tí ìyá rẹ̀ ta ní kókó, kókó yẹn kò tú. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó fa ọwọ́ mi kọjá èjìká rẹ̀, ó gbá ọ̀já mọ́ wa lára, ó fi igbe nàró. Orí mi yọ sókè, afẹ́fẹ́ wọ̀ mí. Mo la ojú. Mo wà lẹ́yìn obìnrin, wọ́n pọ̀n mí!

Ọba náà ti dìde. Ojú tútù yẹn ti ya, eyín ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ń ké pé, "Gbé e sílẹ̀! Tèmi ni! Ó ti kí mi!" Gbogbo egungun jí, wọ́n na ọwọ́, wọ́n ń fa Ìbídùnní lẹ́sẹ̀, èékánná wọn ń ya ẹran ojúgun rẹ̀. Mo fa àdá mi yọ ní ẹ̀yìn rẹ̀ níbẹ̀, mo ń gé ọwọ́ egungun bí ẹni ń ro oko, ọ̀tún, òsì, eérú egungun ń fọ́n sí wa lójú. Ìbídùnní kò sá. Ó lọ tààrà síbi tí àpáta ọba ti sán, ó ki ọ̀pá irin sínú rẹ̀, ó gbé òòlù sókè.

Ó ní, "Ìdáhùn mi rèé! Èémí rẹ ni! Èémí tí ìwọ fúnra rẹ kò lè mí!"

Ó kàn án. Àpáta la. Ooru omi tú jáde pẹ̀lú ariwo tó dí mi létí fún ọjọ́ pípẹ́. Ó bá ọba náà ní ikùn, awọ rẹ̀ bó kúrò lára rẹ̀ bí awọ iṣu sísè, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ ń bẹ́, irùngbọ̀n rẹ̀ ká sókè. Ó na ọwọ́ mú ọ̀já wa, ó ń fà wá bọ̀ sínú ooru náà. Mo gé ọwọ́ yẹn. Lẹ́ẹ̀kan ni mo gé e, mo sì fi gbogbo ohun tí bàbá mi kọ́ mi gé e. Ó ṣubú sínú ihò tó jókòó lé láti ọjọ́ pípẹ́, a gbọ́ bó ṣe ń hó nísàlẹ̀.

Ìbídùnní gun ògiri kòtò náà tòun tèmi. Nígbà tó dé òkè, ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dà, ó mú àsíá tó kù, ó rì í mọ́ etí kòtò, ó ní, "Ibí yìí ni. Òde ni a ó ti gbẹ́ ẹ, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́." Mo ní kó sọ̀ mí kalẹ̀. Ó ní, "Ẹsẹ̀ yín ò tíì gbà yín, Bàbá. Kókó yìí pẹ̀lú, mi ò lẹ́tọ̀ọ́ láti tú u."

Bẹ́ẹ̀ ni èmi Ọdẹ́jìnmí, apẹran-bí-ẹní-kórè, ṣe jáde nínú Igbó Ìdákẹ́ lẹ́yìn ọmọ tí mo mú wọlé. Ìyá Aláró dúró létí igbó. Ó rí ọmọ rẹ̀ tó ń fẹsẹ̀ rìn, ó rí orí ewú lókè èjìká rẹ̀, ó rí ọ̀já. Ó bi mí pé, "Ọdẹ́jìnmí, ta ni mo ní kó mú ta bọ̀?" Ó wá bú sẹ́kún, ó dì mọ́ àwa méjèèjì, ó sì tú kókó náà.

Mo bọ́ sílẹ̀. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un, fún ọmọ rẹ̀ pàápàá, nítorí ẹni tó mọ inú rò ló mọ ọpẹ́ dá. Bí ojú mi ṣe ń sún mọ́ ilẹ̀ ni ẹ̀mí mi sé. Àyà mi kọ̀. Eékún mi nìkan ló gbà, mo wà níbẹ̀ bẹ́ẹ̀, mò ń sunkún. Àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìyá Aláró gbé ọwọ́ aláró rẹ̀ lé mi lórí. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ẹ. Orí ìkúnlẹ̀ náà ni mo wà nígbà tí mo bí ẹni tó gbé e bọ̀."

Ohun tí mo rí nìyẹn. Àwọn ọkùnrin tó dọ̀bálẹ̀ ṣì wà nínú kòtò, fìlà wọn ṣì wà lórí. Obìnrin tó kúnlẹ̀ ló jáde. Ilẹ̀ ti wá ṣú wàyí. Ìwọ tí o wà lẹ́bàá ògiri, tan iná tí Ìbídùnní bá wa wá yẹn, kí n rí ojú ẹni tó pè mí ní ìyá ọdẹ.